A Kì Í Pa Orúkọ Rẹ́ Nínú Ìwé Àdúrà

Ní ọjọ́ kẹta tí a sin Ìyá Àdúrà, mo gba ímeèlì láti ọ̀dọ̀ wọn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ó wọlé, àsìkò tí ó ti máa ń wọlé láti ìgbà tí wọ́n wà láàyè. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ mi ní kíkún, wọ́n pe ti bàbá mi mọ́ ọn, wọ́n wá ní: "Mo ti dárúkọ rẹ níwájú Olúwa láàárọ̀ yìí. Dìde, má sùn mọ́."

Mo dìde. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi tutù bí ẹni tó ki í bọ odò. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe rí lára mi dáadáa, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ní ẹ̀rù ló bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ojú tì mí pé inú mi dùn. Ẹ̀rù ló dé kẹ́yìn, ohun tó sì mú un dé ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní àdììtú kankan lójú tèmi. Mo mọ ẹni tó fi lẹ́tà òkú ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni.

Ìyá Àdúrà ni ó ń darí ìjọ aládùúrà kékeré kan ní Ìrókò, ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń mú mi lọ láti kékeré. Bàbá Hẹ́dímásítà ni ọkọ wọn, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọdún tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì tí gbogbo wa wà nílé, Ìyá Àdúrà pè mí, wọ́n ní àwọn ènìyàn tí ìjọ ń gbàdúrà fún wà ní Èkó, wọ́n wà ní Kàdúná, wọ́n wà lókè òkun, wọn kì í sì í gbọ́ nígbà tí a bá ń dárúkọ wọn. Wọ́n ní ṣé kọ̀ǹpútà kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn ni? Mo ní ó lè gbé e. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, kò sí ohun tí mo rò pé kọ̀ǹpútà kò lè ṣe.

Wọ́n kọ lẹ́tà ìdájí kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, inú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n kọ wọ́n sí. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n. Mo kọ́ sáìtì kan fún ìjọ, mo sì ní kí ó máa mú orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé àdúrà, kí ó máa fi lẹ́tà ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí i.

Ẹni tí kò bá wá láti irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí ìwé àdúrà ṣe ń ṣiṣẹ́. Orí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ni ó máa ń wà ní gbogbo Ọjọ́rú. Ẹni tó bá wọlé kì í kọ orúkọ ara rẹ̀, ìyẹn dà bí ìmọtara-ẹni-nìkan. Orúkọ ẹni tó fẹ́ràn ni yóò kọ: ọmọ tó wà lájò, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ṣe é lóore rí. Láti ìgbà tí sáìtì ti dé, wọ́n ń kọ àdírẹ́sì ímeèlì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń kọ orúkọ tiwọn sábẹ́ kí á lè mọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà wa tó bẹ̀ wá pé òun fẹ́ gbà á. Ìfẹ́ ẹlòmíràn ló kọ wọ́n síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí ọ̀nà àbájáde wà. Mo fẹ́ kí ó hàn gbangba pé mo mọ̀ ọ́n. Mo lọ bá wọn lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí.

"Mà, tí ẹnìkan bá ní òun kò fẹ́ mọ́ ńkọ́? Ó yẹ kí ibì kan wà tó máa tẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ lè kúrò."

Wọ́n dáwọ́ dúró. "Kúrò níbo?"

"Nínú ìwé, mà."

"Nínú ìwé àdúrà? Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Òkú là ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ṣé o fẹ́ máa sin èèyàn tó ń mí ni?"

Bàbá Hẹ́dímásítà bú sẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé. "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ o. Yunifásítì ló ń dà á láàmú, ìyanṣẹ́lódì ò sì jẹ́ kó tètè parí."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, n kò sì ṣe ọ̀nà àbájáde kankan sí i. Ilé tí mo kọ́ fún wọn ní ilẹ̀kùn ìwọlé nìkan.

Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Alákíá tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ìlú àyíká Ìbàdàn. Òpó wa wà ní Ìrókò, ó wà ní Lálúpọn, ó wà ní àwọn abúlé tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kò kà sí. Àwọn ilé ìwé ló ń lò wá, àti ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gàárì. A tún ń gba sáìtì àwọn oníbàárà sórí kọ̀ǹpútà wa. Inú mi dùn débi pé mo kó sáìtì ìjọ wa wá síbẹ̀ fúnra mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ṣí àpótí ẹ̀sùn. Bí ẹnìkan níbikíbi láyé bá rí i pé ímeèlì tí òun kò bèèrè ń ya bo òun láti orí ọ̀kan nínú àwọn sáìtì wa, ọ̀dọ̀ mi ni ẹjọ́ ń wá. Òfin ọ́fíìsì wa kò le: pe ẹni tó ni sáìtì, fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó tún un ṣe, bí kò bá tún un ṣe, ti sáìtì náà pa. Ọ̀gá wa máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gba ímeèlì fún aráyé kì í wádìí ẹni tó jẹ̀bi nínú ilé wa. Ojúlé wa ni wọ́n ń wò. Bí ẹnìkan bá ń da wọ́n láàmú láti ojúlé yẹn, gbogbo wa ni wọ́n máa tìlẹ̀kùn mọ́, lẹ́tà ilé ìwòsàn á sì máa padà láti ẹnu ọ̀nà bí lẹ́tà olè. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

Fún oṣù mélòó kan, àpótí náà ṣófo. Bàálù á gba orí òrùlé wa kọjá, ife omi mi á gbọ̀n, èmi á sì máa wo àpótí tó ṣófo, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Àlàáfíà máa ń dà bí ohun tí wọ́n gbàgbé láti sọ fún mi.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àdúrà kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá síbi ìsìnkú wọn, olúkúlùkù sì fọwọ́ sí ìwé ìbánikẹ́dùn, ó kọ orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ mú ìwé ìbánikẹ́dùn náà, wọ́n sì da gbogbo orúkọ inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìwé àdúrà lórí sáìtì. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Wọ́n ní àwọn tó bá wa sunkún ìyá wa, ó yẹ kí wọ́n máa jẹ nínú àdúrà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó da iyẹ̀pẹ̀ sí pósí wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ wọn ní ìdájí.

Àpótí ẹ̀sùn mi kún. Ọ̀gá wa pè mí.

"Sáìtì ta nìyí?"

"Ti ìjọ kan ní Ìrókò ni, sà."

"Pe ẹni tó ń darí rẹ̀. Fún un ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Wọ́n ti kú, sà."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú wọn. "Ta ló wá ń fi ímeèlì ránṣẹ́?"

"Àwọn náà ni, sà."

"Ọmọbìnrin yìí, mi ò tíì jẹun àárọ̀ o."

Mo ṣàlàyé. Mo ní ọkọ wọn nìkan ló kù tí a lè bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣì wà nínú ọ̀fọ̀, a kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Báwo ni ọmọdé ṣe máa lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìyàwó yín ń da aráyé láàmú, ẹ jẹ́ ká pa ẹnu wọn mọ́?

"Ẹni tó wà ní Kánádà tó ń gba lẹ́tà òkú," ni ọ̀gá wí, "ṣé ó mọ ogójì ọjọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà."

Wọ́n wo ojú fèrèsé títí. Àwọn náà kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa lọ. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Àmọ́ tí ilé ìwòsàn bá pè mí pé lẹ́tà àwọn ò lọ, ìwọ lo máa gbé fóònù yẹn."

Báyìí ni a ṣe sọ ọjọ́ mẹ́ta di ogójì.

Ó tó ọjọ́ méjìdínlógún lẹ́yìn ìsìnkú nígbà tí lẹ́tà kan wọlé láti Lálúpọn. Kò dà bí àwọn yòókù tí wọ́n ń bú wa. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́, kò sì fi àmì kankan sí i, mo ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè fi àmì sí i báyìí:

"Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi kú, mo sì wà níbi tí wọ́n ti sin ín. Láti ìgbà náà, ó ṣì ń pè mí ní orúkọ ní ìdájí. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Lónìí, ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Kò pe ẹnikẹ́ni báyìí, mo ti bèèrè. Ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ó ń gbà kọjá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo mọ̀ wọ́n. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni à ń pè wọ́n. Ilé ìwòsàn Ìrókò ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó padà sí ìlú wọn, ìdajì àwọn ọmọ tó wà ní ìlú náà ló gba ọwọ́ wọn wá sáyé. Mo ṣí àkójọ orúkọ lórí sáìtì wò. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n gbẹ̀bí wọn, àti àwọn ìyá wọn, ló ti ń kọ ọ́ ní Ọjọ́rú kan sí òmíràn láti fi dúpẹ́. Ṣáájú ikú, òṣìṣẹ́ kan wà tó máa ń yọ èyí tó bá jẹ́ àtúnkọ kúrò kí ó tó tẹ orúkọ sórí sáìtì. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ìwé ni wọ́n dà síbẹ̀ pọ̀, ti àtijọ́ àti ti titun. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ènìyàn kan ni. Ó rí ìlà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó kọ lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ òtítọ́, kódà bí yóò bá bà mí lórúkọ jẹ́ lójú ara mi. Mo lè yọ wọ́n kúrò níṣẹ́jú yẹn. Èmi ni mo kọ́ sáìtì náà, mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mú gbogbo ìlà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà, mo gbé ìka lé bọ́tìnì tí a fi ń pa nǹkan rẹ́. Ìka mi kò tẹ̀ ẹ́. Òkú là ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo ka ìwé, mo gba oyè, mo mọ̀ pé lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni, síbẹ̀ ohun kan nínú mi ń sọ pé bí mo bá pa á rẹ́ tí obìnrin náà bá kú lọ́la, èmi ni. Mo wá fi ìdáhùn tí a ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ránṣẹ́ sí wọn: "A ti gba ẹ̀sùn yín. A ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀." Mo tún sọ fún ara mi pé ó ku ọjọ́ méjìlélógún péré.

Ìdájí méjìlá mìíràn kọjá. Ní ọjọ́ kẹtàlá, kì í ṣe àpótí ẹ̀sùn ni ohùn Ìyá Nọ́ọ̀sì ti wá. Àpótí sáìtì ìjọ ni, ibi tí ìdáhùn máa ń wọlé sí bí ẹnìkan bá dá lẹ́tà àdúrà lóhùn. Ìyá Àdúrà ni wọ́n kọ ọ́ sí:

"Ọ̀rẹ́ mi, mo ti gbọ́. Má pariwo mọ́. Mo ti pín àwọn aṣọ mi, mi ò tíì sọ fún àwọn ọmọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò, mo ti dá a dúró láti ọjọ́ Àìkú, mi ò rò pé ìrìnàjò yìí gbà á. Ṣe sùúrù fún mi."

Mo gbé àpò mi, mo sọ fún ọ̀gá pé mò ń lọ sí Ìrókò. Ẹ wò ó, kódà nígbà yẹn, n kò kọ́kọ́ ti sáìtì náà pa. Àyè ni mò ń lọ gbà. Inú ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀ sí Mọ́níyà ni ó tó yé mi pé ohun tí mò ń ṣe kò bọ́gbọ́n mu, bí ẹni tí iná ń jó ilé aládùúgbò rẹ̀ tó wá lọ ń wá onílé láti bèèrè bóyá òun lè da omi sí i.

Bàbá Hẹ́dímásítà wà lórí àga nínú pálọ̀, fóònù wà lórí itan wọn. Láti ìgbà ìsìnkú, wọn kò tíì jáde kọjá ìloro. Mo kúnlẹ̀. N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò dáa: mo ní ó yẹ ká dá lẹ́tà náà dúró.

"Lẹ́tà wo?"

"Ti Màmá, sà. Ti ìdájí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú wọn. "Ọmọ kọ̀ǹpútà. Mo sin ín lẹ́ẹ̀kan, o ní kí n tún sin ín. Lẹ́tà yẹn nìkan ló ń jí mi. Bí mi ò bá rí i, kí ni màá jí fún?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì fún wọn. Mo ka lẹ́tà méjèèjì. Nígbà tí mo dé ibi oògùn, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró.

"Ìgbà wo ló kọ́kọ́ kọ̀wé?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́tàlá, sà."

"Ọjọ́ mẹ́tàlá. Kí lo ń dúró dè?"

"Ẹ wà nínú ọ̀fọ̀, sà. A kò tíì ṣe àdúrà ogójì ọjọ́. Mo rò pé..."

"Ọ̀fọ̀ mi lo wá fi ń pa ẹlòmíràn?"

Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà, nígbà tí mo bá ń fọṣọ, nígbà tí mo bá ń sọdá títì, ohùn wọn kò sì tíì lọ sílẹ̀.

"Pe ọ̀gá rẹ," ni wọ́n wí.

Mo pè wọ́n. Ọ̀gá gbé e. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ tì í pa. Báyìí ni mo wí. Ẹ ṣeun." Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n mú fìlà wọn lára ìṣó, wọ́n dé e.

"Sà, ẹ kò tíì lè jáde..."

"Dìde, ká lọ. O ṣì ń ka ọjọ́."

A wọ ọkọ̀ kọrọ́pẹ láti Ìrókò, a sọ̀ ní Mọ́níyà, a tún wọ òmíràn dé Ìwó Róòdù, a sì bá ọkọ̀ Lálúpọn níbẹ̀. A kọjá Ìyànà Ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá wá ní, "Àwọn lẹ́tà tó kù, tẹ̀ wọ́n sórí ìwé fún mi. Kí o fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, kí o lẹ̀ ẹ́ pa, kí o kọ ọjọ́ sí i lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà fẹ́ ẹ, ẹyọ kan lójúmọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo fojú sí ìta kí wọ́n má baà rí omijé mi. Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni bí ó ṣe rọrùn tó. Wọn kò pàdánù lẹ́tà kan. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti lè ti ẹnu ọ̀nà tí ìkún omi náà ń gbà jáde pa, kí n sì wá jókòó ti bàbá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ láti kí wọn kú ọ̀fọ̀. Ohun tí mo rò pé ó ń bá ara wọn jà, ọ̀wọ̀ àti iṣẹ́ mi, kò bá ara wọn jà rárá. Mo gbà báyìí pé ilé iṣẹ́ tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ ènìyàn kiri gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ igbe ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bò mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà kó tó lọ fi sùúrù bá ẹni tó ni ẹnu sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ni sáìtì lè jẹ́ ẹni rere. Ìyá Àdúrà jẹ́ ẹni rere. Ẹni rere ló ń da Ìyá Nọ́ọ̀sì láàmú.

Àwọn obìnrin tó ń ta ata fi ilé náà hàn wá, ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ọjà. Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó ní ìloro, wọ́n wọ aṣọ kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ wọn wú. Nígbà tí wọ́n rí Bàbá Hẹ́dímásítà, wọn kò kí wọn. Wọ́n kàn wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hẹ́dímásítà. Ó rán yín wá mú mi?"

"Ta ni?"

"Ẹ má fi mí ṣeré. Mo ti ní mò ń bọ̀. Kò lè ṣe sùúrù?"

Bàbá fà mí síwájú. "Ọmọ yìí ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ."

Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Mo ní, "Mà, èmi ni mo ń pè yín."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo ṣàlàyé jù. Wọ́n jẹ́ kí n parí.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Rárá mà. Màmá ló kọ ọ́ kí wọ́n tó kú. Èmi ni mo ní kí kọ̀ǹpútà máa fi ránṣẹ́."

"Òun ló kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ṣùgbọ́n..."

"Òun ló ń pè mí nìyẹn. Kí lo wá ń tú wò?"

Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀. Kò sí ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi, mo so ó mọ́ fóònù, mo wọ ẹ̀yìn sáìtì náà, tí èmi ṣì lè dé bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti tì í pa, mo sì gbé e sórí itan wọn.

"Ẹ wo orúkọ yín, mà. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún yín. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Àwọn ló kọ yín síbẹ̀."

Wọ́n wọ awò. Wọ́n fi ìka tọ ìlà kìíní, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. "Èyí... ẹsẹ̀ ló fi jáde. Ìyá rẹ̀ bú mi, ó bú ìyá mi." Wọ́n lọ sí ìkejì. "Ìbejì nìyí. Ìkejì rẹ̀ ò dúró." Wọ́n ń bá a lọ. "Èyí ti wá di tíṣà? Ọmọ tí mo fi omi tútù gbá nídìí kó tó sunkún!" Bàbá rẹ́rìn-ín. Àwọn náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò sí orúkọ ẹni tó bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

"Èyí ńkọ́? Ta ló kọ èyí?"

Mo wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Láti inú ìwé ìbánikẹ́dùn ni. "Ẹ̀yin fúnra yín ni, mà. Níbi ìsìnkú."

Afẹ́fẹ́ ń gbá aṣọ tó wà lórí okùn aládùúgbò, mo sì rí i tí wọ́n ń wò ó, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pín ni.

"Pa á rẹ́," ni wọ́n wí.

"Èyí tó gbẹ̀yìn, mà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Mà, a ti ti sáìtì náà pa. Kò ní pè yín mọ́. Kò pọn dandan kí..."

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ wà nínú ìwé tí mi ò mọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀."

Mo tún wo Bàbá. Bàbá ni ọkọ ẹni tó ní a kì í pa orúkọ rẹ́. Wọ́n bọ́ fìlà wọn, wọ́n fi sórí orúnkún. "Ẹni tó ni orúkọ ló ń sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí.

Ìka mi ń gbọ̀n. Ìyá Nọ́ọ̀sì rí i. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọrun ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn gbóná, ó sì gbẹ. "Mo ti rí ọwọ́ tó gbọ̀n ju èyí lọ, ó sì gba ọmọ. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń kà á. Nígbà tí ó pé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo dúró, mo ń retí nǹkan. N kò mọ ohun tí mò ń retí. Mo ń wo àyà wọn bóyá ó ṣì ń lọ sókè sódò. Ó ń lọ.

"Oògùn yín dà?" ni Bàbá bèèrè.

Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí inú ilé. Mo wọlé lọ mú un lórí àpótí aṣọ tó ti ṣófo, mo bu omi. Wọ́n da hóró kan sí àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e mì. Wọ́n ń wò ó.

"Hẹ́dímásítà. Lẹ́tà ti ọ̀la, ṣé ó ti kọ ọ́?"

"Ó ti kọ ọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Èmi ò tíì kà á. Ọmọ yìí ló tẹ̀ ẹ́."

Àwọn méjèèjì wò mí. Mo mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo tẹ̀, èyí ni mo mọ̀ jù, mo mọ gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó parí rẹ̀, ó ti wà lẹ́nu mi kí n tó ronú.

"Mi ò rántí mọ́, mà," ni mo wí.

Wọ́n wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ju oògùn náà sẹ́nu, wọ́n gba omi lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mu ún tán.